Orúkọ Ẹnì Kan Ló Wà Nínú Lẹ́tà, Gbogbo Ilé Ló Ń Rìn Ín: Àwọn Onímọ̀ Íńdíà àti Ìrìn Àjò Ìwádìí sí Ilẹ̀ Òkèèrè

Lọ́dọọdún, ní àwọn ìlú ńlá bíi Delhi, Mumbai, Chennai àti Kolkata, àti ní àwọn ìletò tí ojú ọ̀nà wọn kò tíì dára, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Íńdíà ni ó máa ń dúró de lẹ́tà kan. Lẹ́tà náà lè ti Amẹ́ríkà wá, ó lè ti Ìlú Ọba wá, ó sì lè ti Jámánì wá. Ohun tí ó máa ń sọ kò pọ̀: a ti yàn ọ́; wá ṣe ìwádìí rẹ lọ́dọ̀ wa; àwa ni yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó tí ìwọ yóò máa ná lóṣooṣù. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé, ariwo ayọ̀ a sọ. Àwọn ará àdúgbò a wọlé wá kí ìyá àti bàbá, wọn a sì pín nǹkan dídùn kiri ojúlé gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ wọn.

Lẹ́yìn ayọ̀ ni ìbéèrè máa ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò máa mú bàbá tí ó ti darúgbó lọ sí ilé ìwòsàn? Ṣé ìyàwó tí ó jẹ́ olùkọ́ yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ, àbí ọkọ ni yóò tẹ̀ lé ìyàwó? Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Bí àkókò bá sì pé, ṣé ẹni tí ó lọ yóò padà, kí ni yóò sì bá nílé?

Apá tí lẹ́tà náà kì í mẹ́nu bà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí: ohun tí ìdílé ń san nígbà tí ọmọ bá ń lọ, àti ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ pèsè sílẹ̀ de ìgbà tí yóò padà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Íńdíà ti ń rán àwọn onímọ̀ rẹ̀ lọ sókè òkun. Ìtàn wọn fi hàn pé ibi méjèèjì yìí ni ìrìn àjò ti ń já sí ayọ̀ tàbí sí omijé, ju bí owó inú lẹ́tà ti pọ̀ tó lọ.

Àdéhùn Ọba Baroda

Ní ọdún 1913, Sayajirao Gaekwad Kẹta, ọba Baroda ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Bhimrao Ramji Ambedkar ní owó láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Columbia ní New York. Pọ́n-ùn mọ́kànlá àti ààbọ̀ ni owó náà lóṣù, fún ọdún mẹ́ta. Ìdílé tí a bí Ambedkar sí wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní “àwọn tí a kì í fọwọ́ kàn”. Ètò kásìtì ilẹ̀ náà a máa pín ènìyàn sí ipò láti ọjọ́ ìbí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó sì fi irú wọn sí. Nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun èlò omi tí àwọn ọmọ yòókù fi ń mu. Bàbá rẹ̀ kú ní oṣù Kejì ọdún 1913 yìí kan náà, kò sì pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fi wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ó fi ìyàwó rẹ̀, Ramabai, sílẹ̀ ní Bombay, ìlú tí a ń pè ní Mumbai lónìí.

Ọba kò fi owó náà ṣe sàráà. Àdéhùn wà níbẹ̀ pé bí Ambedkar bá parí ẹ̀kọ́, yóò padà wá ṣiṣẹ́ fún ìjọba Baroda fún ọdún mẹ́wàá. Ó gba oyè másítà ní Columbia ní ọdún 1915, ó sì kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1916. Nígbà tí àkókò owó náà pé, wọ́n pè é padà ní ọdún 1917. Ó padà, nítorí pé ó ti tọwọ́ bọ̀wé.

Ohun tí ó bá nílé ni ó burú. Ọkùnrin tí ó ti bá àwọn ọmọ Amẹ́ríkà jókòó ní kíláàsì kan náà kò rí yàrá gbé ní Baroda. Ó lọ wọ̀ sí ilé àlejò kan tí ó jẹ́ ti àwọn Parsi. Nígbà tí àṣírí irú ẹni tí ó jẹ́ tú, àwọn ọkùnrin dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n sì lé e jáde. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi ìlú náà sílẹ̀.

Ní ọdún 1920 ó tún padà sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú owó tí ó fi pamọ́ fúnra rẹ̀, owó tí ó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, àti ìrànwọ́ Shahu, ọba Kolhapur. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1923. Òun ni ó wá di alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ Ìwé Òfin Íńdíà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 1950. Ní gbogbo ọdún tí ó fi wà lẹ́yìn odi, Ramabai ni ó ń fi ìwọ̀nba owó gbọ́ bùkátà ilé ní Bombay. Nínú àwọn ọmọ tí ó bí, Yashwant nìkan ni ó dàgbà. Ramabai fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1935, kò dúró rí òmìnira, kò sì rí Ìwé Òfin náà.

Àdéhùn Baroda de Ambedkar mọ́ ìpadàbọ̀. Kò sí àdéhùn kankan tí ó de Baroda pé kí ó gbà á sílé bí ó bá dé. Títí di òní, ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó ń gba owó ìwádìí lẹ́sẹ̀.

Janaki Méjì

Obìnrin méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà yóò ràn wá lọ́wọ́ láti rí ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan dúró sílé. Èkejì ni ó lọ.

Janaki àkọ́kọ́ ni ìyàwó Srinivasa Ramanujan. Akọ̀wé kékeré ni Ramanujan ní iléeṣẹ́ èbúté Madras, ìlú tí a ń pè ní Chennai lónìí, nígbà tí ó fi iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí G. H. Hardy ní Cambridge ní oṣù Kìíní ọdún 1913. Hardy rí i pé ọpọlọ tí ó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni kékeré, ó sì ní kí ó máa bọ̀. Ilé kọ́kọ́ kọ̀ fún un. Bíráámínì ni wọ́n, ìlànà wọn nígbà náà sì ni pé ẹni tí ó bá ré òkun kọjá ti sọ ara rẹ̀ di aláìmọ́. Ìgbà tí ìyá rẹ̀, Komalatammal, sọ pé òun lá àlá tí òrìṣà obìnrin tí ìdílé wọn ń bọ, Namagiri, ti kìlọ̀ fún òun kí òun má ṣe dí ọmọ òun lọ́wọ́, ni ọ̀nà tó là.

Yunifásítì Madras fún un ní pọ́n-ùn 250 lọ́dún. Nínú owó yìí ni wọ́n ti ń yọ pọ́n-ùn 50 sọ́tọ̀ fún ìdílé rẹ̀ ní Íńdíà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ka ilé mọ́ owó náà. Ohun tí wọn kò kà mọ́ ọn ni Janaki. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó ní ọdún 1909, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó sì wà nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé ọkọ rẹ̀ lọ ní oṣù Kẹta ọdún 1914. Àwọn tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Ramanujan sọ pé ìyá ọkọ a máa gba lẹ́tà tí tọkọtaya náà ń kọ síra wọn, kì í jẹ́ kí ó dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí Ramanujan gúnlẹ̀ ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Kì í jẹ ẹran, fúnra rẹ̀ ni ó ń se oúnjẹ rẹ̀, ogun sì sọ ewébẹ̀ di ọ̀wọ́n. Ní ọdún 1917, àìsàn dá a wólẹ̀. Ní ọdún 1918 wọ́n fi í jẹ oyè ọmọ ẹgbẹ́ Royal Society, wọ́n sì yàn án sí ipò Fellow ní Trinity College. Orúkọ rẹ̀ kàn, ara rẹ̀ sì ń joro. Ó padà sílé ní ọdún 1919, ó sì kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1920, ní ọmọ ọdún 32. Janaki, tí ó tó ọmọ ọdún 21 nígbà náà, kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ó fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ó sì gba ọmọ kan tọ́. Ọdún 1994 ni ó tó kú.

Janaki kejì ni E. K. Janaki Ammal, onímọ̀ nípa ewéko, tí a bí ní Tellicherry ní Kerala ní ọdún 1897. Ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Women's Christian College ní Madras nígbà tí ó rí owó ìrànwọ́ Barbour gbà ní ọdún 1924. Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ni owó yìí wà, àwọn obìnrin Éṣíà nìkan ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọlé ọkọ, ìwé ni òun yàn, kò sì lọ́kọ títí ó fi kú ní ọdún 1984. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì ní Michigan ní ọdún 1931, ó padà wá ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn ìrèké ní Coimbatore, ó sì tún lọ sí Ìlú Ọba ní ọdún 1940. Níbẹ̀ ni òun àti C. D. Darlington ti jọ kọ ìwé ńlá kan lórí kúrómósómù àwọn ohun ọ̀gbìn, èyí tí ó jáde ní ọdún 1945.

Ní ọdún 1951, Jawaharlal Nehru, Olóòtú Ìjọba Íńdíà, ké sí i pé kí ó wá tún iléeṣẹ́ tí ó ń ṣàkójọ ìmọ̀ nípa ewéko ilẹ̀ náà tò. Iṣẹ́ pàtó ni ó ń dúró dè é, ó sì padà. Bí a bá fi ìpadàbọ̀ rẹ̀ wé ti Ambedkar ní ọdún 1917, a ó rí i pé àwọn méjèèjì ni ó ní ìmọ̀, àwọn méjèèjì ni ó sì fẹ́ràn ilẹ̀ wọn. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí ilé ti tọ́jú sílẹ̀.

Owó Ẹ̀yáwó, àti Ilé Tí Kò Ní Àyè

Kì í ṣe gbogbo owó ni ọ̀fẹ́. Ní ọdún 1892, oníṣòwò ńlá nì, Jamsetji Nusserwanji Tata, dá owó kan sílẹ̀ tí a ń yá àwọn ọmọ Íńdíà láti fi kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun. Bí ẹni tí ó gbà á bá ti ń ṣiṣẹ́, a máa san án padà kí ẹlòmíràn lè rí i lò. Ó ṣì wà títí di òní.

Lára àwọn tí ó jàǹfààní rẹ̀ ni K. R. Narayanan, ọmọ tálákà ará Uzhavoor ní Kerala, tí àwọn òbí rẹ̀ náà wà lára àwọn tí a kì í fọwọ́ kàn, tí ó sì ń fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 15 lójúmọ́ nítorí ìwé. Owó Tata ni ó gbé e dé London School of Economics ní ọdún 1945. Nígbà tí ó ń padà bọ̀ ní ọdún 1948, olùkọ́ rẹ̀, Harold Laski, fún un ní lẹ́tà pé kí ó mú un lọ fún Nehru. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó wọ iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní ọdún 1997, ó di Ààrẹ Íńdíà.

Ọdún 1945 yìí kan náà ni Har Gobind Khorana, ọmọ abúlé Raipur ní Punjab, ní apá tí ó ti di ilẹ̀ Pakistan lónìí, gba owó Ìjọba Íńdíà lọ sí Yunifásítì Liverpool. Akọ̀wé owó orí abúlé ni bàbá rẹ̀, abúlé náà kò sì ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1948, ó lo nǹkan bí ọdún kan ní Zurich, ó sì padà sí Íńdíà ní ọdún 1949. Kò rí iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ó tún fi gba owó ìwádìí mìíràn lọ sí Cambridge, láti ibẹ̀ ó kọjá sí Kánádà ní ọdún 1952, lẹ́yìn náà sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1968, òun àti àwọn méjì mìíràn, ó ti di ọmọ Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ tí ó kọ́kọ́ náwó lé e lórí jókòó, ó ń wò ó láti òkèèrè.

Àwọn aláṣẹ Íńdíà ti kọ́gbọ́n díẹ̀ nínú èyí. Lónìí, owó Ramanujan àti owó Ramalingaswami wà fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó wà lókè òkun tí ó sì fẹ́ padà wálé. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń san án, kí olùwádìí lè rí ẹsẹ̀ fi tẹlẹ̀ kí ó tó rí iṣẹ́ tí yóò tọ́jọ́. Ìpadàbọ̀ tọkọtaya sì ṣeé ṣe. Jayant Narlikar, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, tí òun náà jẹ owó Tata lọ sí Cambridge, padà sí ilé ìwádìí Tata ní Bombay ní ọdún 1972 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Mangala, tí ó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò. Ní ọdún 1988, ó dá ilé ìwádìí ìràwọ̀ sílẹ̀ ní Pune, ilé tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò dé Cambridge rí ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lónìí.

Bí Àwọn Àdéhùn Ti Rí Lónìí

Íńdíà ni orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù lọ láyé báyìí. Ẹni tí ó bá yege nínú ìdánwò gbogbogbòò fún àwọn olùwádìí níbẹ̀ ń gba rúpì 37,000 lóṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Àwọn tí ó ń du àyè kan ṣoṣo ní yunifásítì pọ̀ bí eéṣú. Kò yani lẹ́nu pé ojú ọ̀pọ̀ ń wo òkèèrè. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn ọ̀nà náà sì yàtọ̀ síra.

Èyí tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù ni Fulbright-Nehru. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 1950 ni Íńdíà àti Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn rẹ̀. Ní ọdún 2008 ni Íńdíà gbà láti máa dá owó náà pẹ̀lú Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì fi orúkọ Nehru kún un. Físà J-1 ni àwọn tí ó bá gbà á fi ń rìn, òfin sì so ọdún méjì mọ́ ọn: ẹni tí ìjọba bá fi owó rán gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀ rẹ̀ fún àpapọ̀ ọdún méjì kí ó tó lè gba físà iṣẹ́ irú H-1B tàbí ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Amẹ́ríkà yọ Íńdíà kúrò nínú àkójọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó nílò iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wọn. Àwọn olùwádìí J-1 tí ó jẹ́ pé àkójọ yẹn nìkan ni ó so òfin ọdún méjì mọ́ wọn lọ́rùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí owó ìjọba gbé lọ, bíi ti Fulbright, ṣì wà lábẹ́ òfin náà. Yàrá ìwádìí kan náà ni àwọn méjì lè jọ wà, kí ọwọ́ òfin má sì kan wọ́n bákan náà.

Chevening, tí ìjọba Ìlú Ọba ń san, ń béèrè ọdún méjì bẹ́ẹ̀ nílé lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Kò fún ọkọ, aya tàbí ọmọ ní owó kankan. Fún àwọn amọṣẹ́dunjú tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, Chevening ní ètò kúkúrú ní Oxford fún àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́, àti ní Yunifásítì Westminster fún àwọn oníròyìn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í tú ilé ká, nítorí pé kì í tó ọdún kan, iṣẹ́ ẹni sì máa ń dúró deni.

Jámánì ń gba ọ̀nà mìíràn. Owó Humboldt fún àwọn tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní àfikún fún ọkọ tàbí aya àti ọmọ tí ó bá tẹ̀ lé olùwádìí lọ, ó sì ń san owó kíkọ́ èdè Jámánì fún olùwádìí àti ẹnìkejì rẹ̀. Owó Marie Skłodowska-Curie ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà ní owó ìdílé nínú. Ní ti Ìlú Ọba, láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ìdílé wọn dání mọ́. Àwọn tí ó ń ṣe oyè ìwádìí àti àwọn tí owó ìjọba gbé wá ni a yọ sílẹ̀.

Fún àwọn ọmọ tí ìran wọn dàbí ti Ambedkar, ìjọba Íńdíà ní ètò tirẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1954. Àyè 125 ni ó wà nínú rẹ̀ lọ́dún fún oyè másítà àti ọ̀mọ̀wé, fún àwọn ilé tí owó tí ń wọlé fún wọn kò ju rúpì 800,000 lọ lọ́dún, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn obìnrin. Ètò rere ni. Síbẹ̀, ní ọdún 2025, nínú àwọn 106 tí wọ́n yàn, 40 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní lẹ́tà owó. Wọ́n ní kí àwọn yòókù dúró dìgbà tí owó bá wà. Ẹni tí ó ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé orúkọ rẹ̀ jáde yóò mọ bí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ti ń rí lára.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin sì ń béèrè àkíyèsí tirẹ̀. Ìgbà tí owó ìwádìí máa ń yọjú ni ìgbà ìgbéyàwó àti ìgbà ọmọ bíbí. Íńdíà àti Amẹ́ríkà ti ní ètò kan rí tí ó ń rán àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ sí yàrá ìwádìí ní Amẹ́ríkà fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà péré. Nílé, ìjọba Íńdíà ti ní ètò láti ọdún 2002 fún àwọn obìnrin tí iṣẹ́ ìwádìí wọn dá dúró nítorí ilé àti ọmọ, kí wọ́n lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìwọ̀nyí fi hàn pé bí ẹni tí ó ń tò ètò bá ro ti ilé mọ́ ọn, ètò náà a máa yí padà.

Kí A Tó Tọwọ́ Bọ̀wé

Àwọn ọmọ tiwa náà ń du Fulbright, Chevening àti owó Commonwealth. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ inú ìtàn Íńdíà kan ilé wa pẹ̀lú. Kí ẹni tí wọ́n yàn tó tọwọ́ bọ̀wé, ó yẹ kí ìdílé jókòó yí tábìlì ká, kí wọ́n sì dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí láìfi ojú ayọ̀ bo òtítọ́.

Àkọ́kọ́, ta ni owó náà kà mọ́? Ẹ ka ìwé náà débi tí wọ́n ti dárúkọ ọkọ, aya àti ọmọ. Bí kò bá sí irú ibẹ̀, ẹ mọ̀ pé àpò ilé ni yóò gbé wọn.

Èkejì, iṣẹ́ ẹnìkejì ńkọ́? Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé oní-J-1 lọ sí Amẹ́ríkà lè tọrọ ìwé àṣẹ iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ó tó rí i gbà. Ẹ béèrè bí ó ti rí ní ilẹ̀ tí ẹ ń lọ kí ìyàwó tàbí ọkọ tó kọ̀wé fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ni a ó yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà? Pọ́n-ùn 50 tí wọ́n ń yọ nínú 250 Ramanujan jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Kí ilé ti fẹnu kò sí iye tí yóò máa wá, àti sí orúkọ ọmọ ìyá tàbí ẹbí tí yóò máa bójú tó ìlera bàbá àti ìyá. Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ yìí ń ṣe nínú iṣẹ́ ìwádìí náà; kí á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Ẹ̀kẹrin, báwo ni àdéhùn ìpadàbọ̀ ti rí, ta ni ó sì de? Kí tọkọtaya mọ̀ ọ́n ṣáájú pé ọdún méjì yóò wà nílé, kí wọ́n má baà máa gbèrò ilé kíkọ́ síbi tí òfin kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé.

Ẹ̀karùn-ún, kí ni ó ń dúró nílé? Bí ibi iṣẹ́ bá lè fún ènìyàn ní ìyọ̀ǹda ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí a kọ sínú ìwé, ó sàn ju kí ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Kí olùwádìí má sì gé okùn àárín òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ nílé. Lẹ́tà Laski ni ó ṣílẹ̀kùn fún Narayanan.

Ìkìlọ̀ kan kù. Fulbright, Chevening àti Humboldt kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó fi orúkọ ọmọ yín sínú wọn, ẹ má bá a dá owó pọ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀rọ̀ náà ń bá ẹni tí ó lọ wí, ó sì tún ń bá àwọn tí ó wà nílé wí, nítorí pé àwọn ni ó ń pa ilé mọ́ kí ibi tí onílé yóò relé sí lè wà. Bí lẹ́tà bá dé ilé yín lọ́dún yìí, kí ẹ jó, kí ẹ yọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ka àdéhùn rẹ̀ pọ̀ lójú gbogbo ẹni tí yóò gbé nínú ẹrù náà, kí ẹ tó fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ní bírò.